Orúkọ Jàmíátù Ni Mo Fi Ta Ẹja Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin tí ẹ tẹ "ẹja Jàmíátù Lọ́kọ́ja" sórí fóònù yín tí ẹ wá bá ara yín níbí, ẹ ò ṣìnà. Èmi ni mo pè yín. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ní nídìí iṣẹ́ mi ni mo fi kọ àkọlé tí ẹ rí yẹn, kó lè wà lókè pátápátá, kó má sì sí ẹni tí yóò wá orúkọ obìnrin náà tí kò ní kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ mi. Òótọ́ kan wà tí mo ti jókòó lé lórí láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti kó àtẹ rẹ̀ kúrò ní Kpata, àdúgbò wa létí odò. Mo rò pé bí mo bá jókòó lé e pẹ́, yóò kú sábẹ́ mi. Kò kú. Lónìí ó gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi, torí èébú náà tọ́ sí mi.

Ràṣídátù ni orúkọ mi. Ìlọrin ni bàbá bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n inú Kpata ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Ẹni tí kò bá gbé Kpata láyé ìgbà tí mò ń wí yìí kò lè mọ ohun tó pàdánù. Èéfín ẹja ló ń jí wa láàárọ̀. Ìyá Nupe tó wà ní òdìkejì á kí wa lédè tirẹ̀, àwa náà á dá a lóhùn lédè tirẹ̀. Bàbá Igala tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe á máa fi Hausa bá ìyá mi nájà. Bí ààwẹ̀ bá dé, àti Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn Jésù, oúnjẹ ìṣínu á máa rìn láti ilé dé ilé. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé èdè tí à ń sọ lójúde wa ju ẹyọ kan lọ.

Jàmíátù ni ọ̀rẹ́ mi nígbà náà. Ilé wọn kọjú sí tiwa. Kàrímọ́tù, ìyá rẹ̀, tí àwa ọmọdé ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, ló ń bá ìyá mi sun ẹja, nítorí náà ẹja kan náà ló ń wà nínú àwo tèmi àti ti Jàmíátù bí a bá ń kiri lọ sí gáréèjì. Mọ́tò tó ń ti Abuja bọ̀ àti èyí tó ń lọ síbẹ̀ á dúró díẹ̀, àwọn èrò á yọrí lójú fèrèsé, a ó sì sáré bá wọn. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti fi ìyàtọ̀ sáàárín àwa méjèèjì. Jàmíátù á ní, "Ẹja ìdájí, èéfín ìrọ̀lẹ́. Ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó sanwó." Ó tán. Àwọn èrò á yíjú, ọwọ́ á nà jáde. Èmi á wá bẹ̀rẹ̀ tèmi: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀, Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀, ìyá mi ló ní kí n wá bá yín..." Kí n tó dárúkọ ẹja, mọ́tò ti dé Felele lójú ọ̀nà Abuja. Ìyá Ẹlẹ́ja á máa fi mí rẹ́rìn-ín. "Ràṣí, ó gùn jù," ni yóò wí. "Ohun tó wà nínú àwo ni kó o wí. Má fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un."

Bí Jàmíátù bá ti ta tirẹ̀ tán, kì í lọ sílé. Á gba àwo mi, á gbé e lérí, á fi ìpolówó rẹ̀ ta ẹja mi, èmi á sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ ewúrẹ́. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi rí. Ìyá Ẹlẹ́ja rí wa lọ́jọ́ kan, ó ní kò burú, ọ̀rẹ́ lè yá ọ̀rẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ni ẹja dúró ti ẹni tó yá a lẹ́nu, kí gbogbo ayé máa rí i. Ó ní, "Ẹnu lo yá a yẹn, Jàmíátù. Bí ẹja bá jẹrà, ẹnu ni wọn yóò rántí, wọn ò ní rántí àwo." A kàn rẹ́rìn-ín ni, a bá tiwa lọ. Bí mo bá rántí àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn báyìí, tí à ń bọ̀ wálé pẹ̀lú àwo òfìfo, tí à ń jẹ ẹ̀pà, tí yanrìn etí odò ṣì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, inú mi á dùn, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bàjẹ́. Mo máa ń wá nǹkan ṣe kíákíá kí n má bàa rántí.

Iṣẹ́ tí mo wá kọ́ nígbà tí mo dàgbà, ìpolówó náà ni, ọwọ́ la kàn fi ń ṣe é. Bí ènìyàn bá wá nǹkan lórí Google, ìlà ńlá kan á jáde, àlàyé kékeré á wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn á tún tẹ̀ lé e. Ìlà ńlá yẹn ni àkọlé ojú ìwé náà. Ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́, ẹnì kan ló sì kọ àlàyé abẹ́ rẹ̀. Mo gba yàrá kan ní àdúgbò Adankolo, mò ń kọ ọ́ fún àwọn onílé ìtura, fún àwọn tó ń ta búlọ́ọ̀kù, fún àwọn tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ nílé, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Ohun tí mò ń sọ fún wọn kò ju ti Ìyá Ẹlẹ́ja lọ. Fi nǹkan tí ò ń tà ṣáájú, fi ibi tó wà tẹ̀ lé e. Má jẹ́ kó gùn, torí wọn yóò gé e, ojú ẹni tó ń kà á kò sì ní dé ìparí. Má fi àkọlé kan náà lé ojú ìwé méjì. Nínú àlàyé, sọ ohun tí ẹni náà yóò bá bó bá wọlé, kí o sì rí i dájú pé ó bá a níbẹ̀. Ẹni tó ń wá nǹkan lórí fóònù, èrò inú mọ́tò ni, kò ní dúró dè ọ́. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè ka gbogbo rẹ̀ fún yín. Mímọ̀ kọ́ ni ìṣòro mi.

Jàmíátù ní tirẹ̀ kò kúrò ní Kpata. Ó jogún ààrò ìyá rẹ̀ àti ìpolówó ìyá rẹ̀, nígbà tó sì yá, kò tilẹ̀ nílò àtipolówó mọ́. Àwọn ará Abuja á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, wọn á béèrè ẹni tó ń jẹ́ Jàmíátù. Lọ́jọ́ kan ó wá sí yàrá mi ní Adankolo, ó jókòó sórí àga àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń wo kọ̀ǹpútà bí àlejò ṣe ń wo ilé onílé. "Ràṣí," ó ní, "wọ́n ní àwọn èèyàn ń wá mi nínú Google, wọn ò rí mi. Bá mi ṣe tèmi náà. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Mo ní kó jẹ́ kí ààwẹ̀ tán. Ààwẹ̀ tán, mo ní kó jẹ́ kí Iléyá kọjá. Ọwọ́ mi kò dí. Ohun tó wà nínú mi nìyí, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́: nígbà tó ní "ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ó dùn mọ́ mi pé ohun kan wà láyé yìí tí Jàmíátù ní láti dúró dè mí fún. Mo fẹ́ kó dúró díẹ̀ sí i. Gbogbo ìgbà tó fi gbé àwo mi lérí, ìlara ni mo fi san án.

Àárín ìgbà tó ń dúró yìí ni Christopher dé. Ará ìhà Kàbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ṣí sítọ́ọ̀ sí Felele, ó ń di ẹja gbígbẹ sínú ọ̀rá, ó ń fi ránṣẹ́ sí Abuja. "Okun o, madam," ó kí mi bí àwọn ará ìhà ọ̀dọ̀ wọn ṣe ń kí ni. "Mo ti ṣe ìkànnì, ẹnikẹ́ni ò rí i. Wetin dey worry am?" Mo bá a lọ sí sítọ́ọ̀ náà. Ẹja rẹ̀ kì í ṣe ti odò wa. Inú àpò ló ti ń bọ̀, láti ọ̀nà jíjìn, kòkòrò sì ti ń jẹ ẹ́. Ní igun kan mo rí ike ọ̀tapíapíà, òògùn tí à ń fi pa aáyán, àti ohun tí wọ́n fi ń fọ́n ọn. Mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ lára ẹja. Christopher rí i pé mo rí i. Ó ní, "Díẹ̀ ni, madam. Bí wọ́n bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, yóò lọ." Mo yíjú kúrò níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe ẹja ni wọ́n pè mí wá wò, àkọlé ni.

Mo kọ́kọ́ kọ àkọlé tó mọ́ fún un: "Ẹja Gbígbẹ ní Felele, Lọ́kọ́ja." Kò gbéra. Mo wá yẹ ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ wò, orúkọ Jàmíátù ni mò ń bá níbẹ̀ ṣáá. Wọ́n ń wá a, kò sì sí ojú ìwé kankan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, torí èmi tó yẹ kí n ṣe é ní kó dúró. Christopher kò mọ Jàmíátù rí. Òun kọ́ ló bẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn dáadáa, nítorí ó pẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀bi rẹ̀ bo tèmi. Èmi fúnra mi, lọ́sàn-án gangan, tí ara mi dá, tí ebi kò pa mí, ni mo pa àkọlé yẹn rẹ́, tí mo kọ "Ẹja Jàmíátù, Kpata, Lọ́kọ́ja." Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ: "Ẹja ìdájí, èéfín ìrọ̀lẹ́. Ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó sanwó." Ẹja inú ọ̀rá ni mo kọ ọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn.

Kò pẹ́ tó fi dé òkè. Christopher pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ìpè àwọn oníbàárà kò jẹ́ kí òun jẹun mọ́. Ó wá béèrè pé, "Madam, ta ni Jàmíátù gan-an?" Mo ní orúkọ kan tí àwọn èèyàn fẹ́ràn ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí ìpolówó mi yí ojú èrò padà. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Mo tilẹ̀ kọjá ní ìsọ̀ Jàmíátù lọ́sẹ̀ yẹn, a jọ ṣeré, a jọ rántí bí mo ṣe máa ń fi àdúrà lé mọ́tò lọ, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ìdílé kan tó ń ṣe ìkómọ ní Abuja ra ẹja náà. Dírẹ́bà ló gbé e lọ, ọwọ́ dírẹ́bà ni wọ́n sanwó sí. Àwọn tó jẹ ọbẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọ́n kó wọn lọ sí ọsibítù, ìyá ọmọ tuntun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọlọ́run yọ wọ́n, gbogbo wọn ló padà sílé. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sórí ayélujára pé ẹja Jàmíátù ti Kpata ni, ọ̀rọ̀ náà sì ràn bí iná ọyẹ́. Christopher pè mí. "Madam, abeg, comot that thing. Comot everything." Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí Jàmíátù wọlé. Orí ọ̀kadà ló ti ń sunkún bọ̀ láti Kpata, ìborùn rẹ̀ ti yọ. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ràṣí, wọ́n ní orúkọ mi wà nínú nǹkan kan. Mi ò fi ẹja ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe ìkómọ. Àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja ní kí n wá wí tẹnu mi lọ́la. Bá mi wá a jáde, kí n fi hàn wọ́n pé kì í ṣe tèmi." Ẹ̀yin ará, ojú ìwé náà ṣì wà. Felele ni àdírẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ Christopher wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, àwòrán sítọ́ọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè gba ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ láyé wà lórí kọ̀ǹpútà tó kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ní kó jókòó. Mo bu omi fún un. Bó ṣe ń mu omi náà, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gba fóònù rẹ̀, mo tẹ àkọlé náà, ojú ìwé náà kò ṣí mọ́. Mo ní, "Jàmíátù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Òótọ́ ni mo sọ, n kò sì tíì purọ́ tó burú tó ìyẹn rí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Bí a bá pa ojú ìwé kan rẹ́, àkọlé rẹ̀ kì í tètè kúrò lórí Google. Yóò ṣì wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí àmì ìsọ̀ tí onísọ̀ ti kó kúrò. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja wá a lọ́jọ́ kejì, orúkọ Jàmíátù ni wọ́n rí, ìpolówó ìyá rẹ̀ ni wọ́n rí lábẹ́ rẹ̀, wọn kò sì rí Felele. Ta ni yóò gbà pé ẹlòmíràn ló kọ ìpolówó tí gbogbo Kpata ti ń gbọ́ láti kékeré? Wọ́n ní kó kó àtẹ rẹ̀ nílẹ̀ ná. Ó kó o. Lọ́sẹ̀ yẹn ó tún wá sọ́dọ̀ mi, ó gbé ẹja tó kù lórí ààrò rẹ̀ fún mi, ó ní kí n gbà á, pé èmi nìkan ni mo bá òun dá sí i. Mo gbà á. Mo sè é, mo sì jẹ ẹ́.

Ọjọ́ ń lọ, oṣù ń lọ. Omi kún, omi fà. Mo rò pé mo ti yege. Àfi lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan wọlé sínú kíláàsì mi ní Adankolo, Mùsílímátù, ọmọ Jàmíátù, tó ti wọ yunifásítì. Mo máa ń ní kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọ àkọlé fún nǹkan kan nílé wọn. Ó kọ tirẹ̀, ó gbé e wá: "Ẹja ìdájí, èéfín ìrọ̀lẹ́." Mo béèrè ibi tó ti rí i. Ó ní, "Àǹtí, ìyá ìyá mi ló ni ín. Màmá mi ní kí n wá bá yín, wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó yín. Mo fẹ́ fi orúkọ wọn ṣe ojú ìwé kan, bóyá àwọn èèyàn á gbàgbé èyí tó ṣẹlẹ̀." Mo ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé, mo sì gba Kpata lọ.

Ẹ̀gúsí ni Jàmíátù ń bọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ti àwọn ẹlòmíràn, wọ́n ń san owó iṣẹ́ fún un. Ààrò ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, koríko ti hù nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń bọ́ ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó béèrè pé, "Ìpolówó náà ńkọ́?" Mo ní mo jí ìyẹn náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ìyá mi ló ni ìyẹn," ó ní. Ó bọ́ ẹ̀gúsí mìíràn, ó wá béèrè pé, "Ẹja tí mo gbé wá fún ọ, ṣé o jẹ ẹ́?" Mo ní mo jẹ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ dá mi dúró. "Má bẹ̀ mí nínú ilé, Ràṣídátù. Inú ilé kọ́ lo ti bà mí jẹ́. Ibi tó o ti polówó irọ́, lọ polówó òótọ́ níbẹ̀." Láti ìgbà èwe wa, kò pe orúkọ mi ní kíkún rí.

Mo ti lọ wí tẹnu mi fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja, wọ́n sì ti dá ààyè Jàmíátù padà fún un. Kò tíì gbé àtẹ síbẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹja náà ṣe ní jàǹbá, pàápàá ìyá ọmọ náà: ẹ bínú sí mi, ẹ má bínú sí i mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo ti kọ́ yín bí ẹ ó ṣe dé òkè, mo sì gbàgbé láti sọ fún yín pé ẹni tó bá fi orúkọ ẹlòmíràn gòkè, orí ẹni náà ló tẹ̀. Ẹ má ṣe é.

Kí n tó gbé ọ̀rọ̀ yìí síta, mo mú un lọ bá Jàmíátù, mo sì ní kí Mùsílímátù kà á sí i létí. Àkọlé tí mo kọ́kọ́ fún ọ̀rọ̀ náà nìyí: "Bí Ìkánjú Iṣẹ́ àti Iṣẹ́ Èṣù Ṣe Mú Kí Àṣìṣe Kan Wáyé Lórí Orúkọ Ọ̀rẹ́ Mi Àtàtà, Ẹlẹ́ja Kan ní Lọ́kọ́ja." Ọmọ náà kà á dé ìparí. Jàmíátù kò gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

"Ó gùn jù, Ràṣí," ó ní. "Ohun tó wà nínú àwo ni kó o wí."

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gé ìkánjú kúrò, mo gé Èṣù kúrò, mo gé àṣìṣe kúrò. Ohun tó kù ni ẹ rí lókè yẹn.